Ọwọ́ Tí Kò Ríṣẹ́ Ṣe

Ilẹ̀ kì í fẹ́ ṣú ní Fínlándì nínú oṣù Òkúdù.
Aago mẹ́wàá alẹ́, oòrùn ṣì jókòó sórí igi
bí àlejò tí kò mọ ìgbà tí wọ́n ń dágbére.
Adágún náà tẹ́ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.
Èmi ni mo kọ̀yìn síbi tí à ń lọ:
iṣẹ́ mi ni kí n máa wo ẹni tí okùn ń fà,
kí n ké bó bá ṣubú.

Taisto wà nídìí ọkọ̀.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ọwọ́ ọ̀tún di ọ̀pá epo mú
kí ẹgbẹ́ wa tó ra ẹ̀rọ yìí,
àpótí kékeré, kò ju páálí ìṣáná méjì lọ,
tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ lókè,
tó ń bá ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀,
tí kì í bá Taisto sọ nǹkan kan.

Láyé ijọ́un, etí ló fi ń wa ọkọ̀.
Pihla á já sósì lórí pátákó rẹ̀, okùn á le,
ìdí ọkọ̀ á fẹ́ fà sẹ́yìn bí ewúrẹ́ tí a so mọ́lẹ̀,
Taisto á fi epo kún un, díẹ̀, bí iyọ̀ inú ẹyin.
Okùn á dẹ̀,
Taisto á gba epo rẹ̀ padà.
Ẹ́ńjìnnì ń kùn, ọwọ́ ń dáhùn.
Aago àfọwọ́tẹ̀ wà lọ́rùn mi:
ìṣẹ́jú àáyá mẹ́tàdínlógún ó dín ìpajú kan,
láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà.
Bó bá yá jù, a ó tún un ṣe. Bó bá pẹ́ jù, a ó tún un ṣe.
A tún un ṣe púpọ̀.

Lónìí ó tẹ márùndínlọ́gọ́ta sójú ẹ̀rọ,
ó tẹ gígùn okùn, ó tẹ bọ́tìnnì,
ọkọ̀ gbéra.
Márùndínlọ́gọ́ta lẹ́nu ọ̀nà,
márùndínlọ́gọ́ta níbi bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́.
Pihla fà á, kò yẹ̀. Pihla tú u sílẹ̀, kò yẹ̀,
bí ẹni tí a bú tí kò bínú, tí a yìn tí kò rẹ́rìn-ín.
Ọwọ́ Taisto lọ sórí ọ̀pá, ó kúrò, ó tún lọ,
bí bàbá tó ń kan ilẹ̀kùn yàrá ọmọ
tó ti lọ ilé ọkọ.

A gé okùn kúrú. Ó kọjá.
A tún un gé, ó ku ibi àwọ̀ ewé,
ibi tó ti ń kọjá láti ẹ̀ẹ̀rùn èṣí.
Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, omi dìde bí ògiri dígí,
ẹ̀rin,
apá rẹ̀ nà, èjìká rẹ̀ nà,
bọ́ọ̀lù karùn-ún gba iwájú rẹ̀ kọjá.
Mo ké.

Lẹ́ẹ̀mẹta. Ibì kan náà.

Nígbà tó di etí ọkọ̀ mú, òtútù ti sọ ètè rẹ̀ di dúdú.
Taisto kò wò ó. Àpótí náà ló ń wò.
Ó ní, "Láàárín ìkẹrin sí ìkarùn-ún, mo máa ń dín in kù.
Bí fọ́nrán irun. Ọwọ́ mi ni kò lè máa wò ọ́ kí o ṣubú.
Mo máa ń dá a padà níwájú, kí aago má baà mọ̀."

Mo wo aago ọrùn mi, bí ọ̀rẹ́
tó ti ń bá mi purọ́ láìmọ̀.

Pihla rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.
"Bàbá àgbà, mo mọ̀. Ẹ̀yìn mi ló sọ fún mi."
Ó ní ká ju okùn padà, okùn yẹn náà.
"Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Taisto tẹ bọ́tìnnì.
Ó ki ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ abẹ́ itan,
ó jókòó lé e,
a gbéra.